Ọmọ Ta Ni? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Wíwá Ìran Ọmọ Tó Gbé Nílé Àwọn Atẹ̀lúdó Amẹ́ríkà

Àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Amẹ́ríkà ṣelé kò kéré mọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ti bá àwọn ìdílé tó ti pẹ́ níbẹ̀ dána. Bó bá yá, ọmọ á ti ilé ìwé gbé iṣẹ́ dé pé kí òun to ìran bàbá àti ìran ìyá òun lẹ́sẹẹsẹ. Ti ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ ó ṣì rí ìyá àgbà kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọ̀dọ̀ àna ni wàhálà máa ń wà: ẹ ó bá orúkọ ọmọ kan nínú ìwé àtijọ́, nínú ilé àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dó, kò sì ní sẹ́ni tó lè sọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Mo máa ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ lórí irú ìwádìí yìí. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé gbígbé tí ọmọ gbé nínú ilé kan kò sọ pé ilé náà ló bí i. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ àfi bí ìwé mìíràn bá jẹ́rìí sí i.

Ìgbà wo gan-an là ń pè ní ìgbà àwọn atẹ̀lúdó?

Ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ti ibi tẹ́ ẹ ń wá kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé kankan. Ọdún 1843 ni ẹgbẹ́ ńlá àkọ́kọ́ gbéra lọ sí Oregon. Àwọn ọmọ ìjọ Mormon wọ àfonífojì Salt Lake ní Utah lọ́jọ́ 24 oṣù keje 1847. Ní Nebraska àti Kansas, Òfin Homestead tí Lincoln fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 1862 ló kó ọ̀pọ̀ èrò lọ síbẹ̀: ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀ fún ọdún 5, tó kọ́lé, tó sì dáko síbẹ̀, éékà 160 di tirẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń pín yìí ní àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ o. A ó dé ọ̀rọ̀ tiwọn náà.

Kí ló dé tí ọmọ ọlọ́mọ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé wọn?

Ikú àti ọ̀nà jíjìn ni. Láti etí odò Missouri dé Oregon tó nǹkan bíi 2,000 máìlì, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sì fi ń rìn ín pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà. Ẹ gbọ́ ti àwọn ọmọ Sager, nítorí ìtàn wọn ló là mí lójú jù lọ sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1844, Henry Sager àti Naomi ìyàwó rẹ̀ kó ọmọ 6 jáde ní Missouri. Oyún wà nínú Naomi, ojú ọ̀nà ló sì bí ìkeje sí. Catherine, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin, ń bẹ́ sílẹ̀ láti inú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan ni aṣọ rẹ̀ bá kọ́ ọwọ́ àáké, ó ṣubú, àgbá kẹ̀kẹ́ gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ sì kán. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹjọ, ibà pa Henry. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí Naomi náà fi tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ ìrìnàjò ló ń gba ọmọ ìkókó lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi kó ọmọ méjèèje dé Waiilatpu, nítòsí Walla Walla, nílé míṣọ́nnárì oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Marcus Whitman àti Narcissa ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tí tọkọtaya yìí bí, Alice Clarissa, ti bómi lọ ní 1839, ọmọ ọdún 2 ni. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn Sager dé, ọmọ 11 ló kún ilé náà: àwọn Sager 7; Perrin, tó jẹ́ ọmọ mọ̀lẹ́bí Marcus; Helen Mar, ọmọ Joe Meek; Mary Ann, ọmọ Jim Bridger; àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní David Malin. Àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí, ọmọ onílẹ̀, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Íńdíánì, ni ìyá wọn. Ká ní akọ̀wé ìkànìyàn yà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó to orúkọ wọn lé ara wọn, ẹni tó bá ka ìwé náà lónìí lè kó gbogbo wọn fún Whitman, nígbà tí kò sí ẹyọ kan tí Narcissa fi inú rẹ̀ bí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ orúkọ. Ilé náà ni ọmọ ìkókó yẹn ti di Henrietta Naomi; orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ tó ti kú ni wọ́n pa pọ̀ fún un. Ẹni tó bá ń wá orúkọ tí wọ́n fún un lójú ọ̀nà á wá a tì.

Ní 1847 èéyi jà láàárín àwọn Cayuse tó ni ilẹ̀ náà, ó sì pa wọ́n bí ẹní pa eṣinṣin. Wọ́n fura pé májèlé ni oníṣègùn ń fún wọn. Lọ́jọ́ 29 oṣù kọkànlá wọ́n pa tọkọtaya Whitman. John àti Francis Sager bá ìjà náà lọ, èéyi sì pa Louise àbúrò wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i. Àwọn ọmọbìnrin Sager mẹ́rin ló kù, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì pín wọn sí. Látìgbà náà, ẹni tó bá ń wá wọn ní láti máa wò lábẹ́ orúkọ ilé tí kì í ṣe Sager.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀dọ̀ yín ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó wà láàyè, kẹ́ ẹ máa pa dà sẹ́yìn ìran kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ẹ̀rí ikú ọmọ náà, torí pé ó ṣe tán ó dàgbà, ó sì kú níbì kan. Lára ìwé ikú ti bíi 1900 síwájú, àyè sábà máa ń wà fún orúkọ bàbá àti orúkọ ìyá. Ẹ wo ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún akọ̀wé o. Bó bá jẹ́ aládùúgbò, ẹ má fi gbogbo ara gbà á.

Mo rí ọmọ náà nínú ìwé ìkànìyàn 1850, orúkọ bàbá onílé ló ń jẹ́. Ṣé kò ti parí báyẹn?

Kò tíì parí. Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń ka èèyàn ní Amẹ́ríkà láti 1790, ohun tí wọ́n ń béèrè kò sì dọ́gba. Títí dé 1840, olórí ilé nìkan ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀. Iye ni wọ́n fi ń ka àwọn yòókù. Ọdún 1850 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ́ òmìnira. Àmọ́ nínú ti 1850, 1860 àti 1870, kò sí ibi tí wọ́n kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí olórí ilé. 1880 ni wọ́n tó béèrè ìyẹn, wọ́n sì béèrè ibi tí wọ́n bí bàbá àti ìyá ẹni náà. Bí ọmọ yín bá ṣì wà láàyè ní 1880, ẹ sáré lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo òmíràn.

Bó bá jẹ́ 1850 nìkan lẹ ní, ẹ fara balẹ̀ ka ojú ìwé yẹn bíi báyìí. Ká ní ọkùnrin ọdún 34 ló wà lókè, obìnrin ọdún 26 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọmọ ọdún 5, ọdún 3, oṣù 8, ọmọkùnrin ọdún 14 kan wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tennessee ni wọ́n ti bí gbogbo wọn, àfi ọmọkùnrin yẹn tó jẹ́ ọmọ Ohio. Obìnrin ọdún 26 kò ní bí ọmọ ọdún 14. Àwọn akọ̀wé sì sábà máa ń to ọmọ onílé láti orí àgbà dórí kékeré, kí wọ́n tó kan àlejò àti ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ yìí lè jẹ́ àbúrò ìyàwó, ó lè jẹ́ ọmọ ìyàwó àárọ̀ tó kú, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́. Orúkọ bàbá onílé tẹ́ ẹ rí níwájú rẹ̀ lè jẹ́ pé ńṣe ni akọ̀wé fa ilà wálẹ̀ láti òkè.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ojú ìwé mélòó kan ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí jọ ń rìn ni, wọ́n sì jọ ń gba ilẹ̀ sí tòsí ara wọn. Ọmọ Ohio mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn ní ilé kẹta lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ yín gan-an.

Láti 1850 dé 1880, wọ́n tún máa ń ṣe ìwé ọ̀tọ̀ fún àwọn tó kú láàárín oṣù 12 kí ìkànìyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ó. Ibẹ̀ lẹ ti lè pàdé ìyá tó kú sórí ìkúnlẹ̀.

Ti 1890 ńkọ́? Mi ò rí i níbì kankan.

Iná jà nílé tí wọ́n kó o sí ní Washington ní oṣù kìíní 1921, díẹ̀ ló sì ṣẹ́ kù. Ẹ fò dé 1900. Ti 1900 kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n bí èèyàn, ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyá pé ọmọ mélòó ló bí àti mélòó ló kù láyé. Bí ìyá bá ní mẹ́ta lòun bí, tí ẹ sì ti ka márùn-ún sí i lórí, ẹ mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ti wọ̀ ọ́.

Kò sí ìwé ẹ̀rí ìbí. Kí ni kí n fi dípò?

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, ìjọba kò ṣe àkọsílẹ̀ ìbí lójú méjèèjì nígbà náà. Ẹ lo ìwé ìrìbọmi ìjọ, Bíbélì ìdílé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí sí, ìwé ìgbéyàwó, òkúta orí sàréè. Ẹ tún rántí pé nígbà tí Amẹ́ríkà gbé òfin owó àgbà kalẹ̀ ní 1935, àwọn arúgbó tí kò ní ìwé ìbí bẹ̀rẹ̀ sí lọ gbà á. Wọ́n ní láti mú ẹlẹ́rìí àti ẹ̀rí wá, èyí ló jẹ́ kí irú ìwé tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀ nínú ju èyí tí wọ́n kọ lọ́jọ́ ìbí lọ.

Wọ́n ní kí n lọ wo ìwé kóòtù. Kí ló kan kóòtù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré?

Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo fún ìwádìí yín, ìwé kóòtù ni kẹ́ ẹ lò ó fún. Nígbà tí atẹ̀lúdó bá kú, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, ó fi màlúù sílẹ̀, ó sì lè jẹ gbèsè. Kóòtù tó ń bójú tó ogún á yan ẹni tó máa pín in. Ọmọ tí kò tíì tó pín ogún fúnra rẹ̀, wọ́n á yan alágbàtọ́ fún un, ìyá rẹ̀ ì báà wà láàyè. Ìdí nìyẹn tí ìwé kóòtù fi lè pe ọmọ ní òrukàn nígbà tí ìyá rẹ̀ ń dáná nínú ilé. Mo ti rí àwọn tó pa ìyá bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, tí wọ́n lọ ń wá sàréè rẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú ikú rẹ̀.

Alágbàtọ́ ní láti wá oníduùró, ẹ ṣàkọsílẹ̀ orúkọ àwọn oníduùró yìí gidigidi. Ta ló máa fi owó rẹ̀ dúró fún ọmọ tí kò mọ̀ rí? Bàbá ìyá ọmọ ló sábà máa ń jẹ́, tàbí arákùnrin ìyá rẹ̀, orúkọ ilé ìyá tẹ́ ẹ ti ń wá látọjọ́ yìí á sì yọjú níbẹ̀. Lọ́dọọdún, alágbàtọ́ á wá ṣírò owó tó ná: bàtà kan, ọ̀pá aṣọ mélòó, owó ilé ìwé. Bí ọmọ bá pé ọdún 14, ní ọ̀pọ̀ ibi ó lè yan alágbàtọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ lè bá ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ sí.

Ẹ má retí ìwé ìsọdọmọ lábẹ́ òfin. Massachusetts ló kọ́kọ́ gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde ní 1851, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n kàn tọ́ dàgbà bẹ́ẹ̀, bá a ti ń ṣe nílé wa. Àwọn mìíràn, wọ́n fi ìwé àdéhùn iṣẹ́ yá wọn títí ọkùnrin á fi pé 21, tí obìnrin á sì pé 18.

Ilé ẹjọ́ káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, ni ìwé wọ̀nyí wà. FamilySearch, ìkànnì ìwádìí ìran lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìpilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn Mormon dá sílẹ̀ ní Utah ní 1894, ti ya àwòrán ọ̀pọ̀ lára wọn, ọ̀fẹ́ sì ni.

New York ni wọ́n kọ pé wọ́n bí i, inú oko ní Kansas ló sì wà. Báwo?

Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ ojú irin ló gbé e dé. Láti 1854 dé 1929, wọ́n kó àwọn ọmọdé láti àwọn ìlú ńlá ìlà-oòrùn lọ sí àwọn oko ìwọ̀-oòrùn, iye wọn tí àwọn òpìtàn fojú bù sì tó 200,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Children's Aid Society ti New York, tí Charles Loring Brace dá sílẹ̀ ní 1853, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dowagiac ní Michigan ni wọ́n kó ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lọ. New York Foundling, tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1869, náà kó tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kì í ṣe òrukàn rárá. Òbí wọn wà, ìṣẹ́ ló yọ wọ́n lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì ṣì wà títí dòní, ẹ lè kọ̀wé sí wọn, ilé àkójọ ìtàn àwọn ọmọ yìí sì wà ní Concordia, Kansas.

Ṣé ìwé ilẹ̀ wúlò?

Ó wúlò. Ẹni tó gba ilẹ̀ Homestead ní láti mú ẹlẹ́rìí wá kó tó gba ìwé rẹ̀, ó sì sábà máa ń sọ iye ọmọ tó wà nílé rẹ̀. Ti Oregon tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin 1850 fún ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ní éékà 640, ìdajì rẹ̀ lórúkọ ìyàwó, nítorí náà wọ́n ní láti sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó àti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ 1848, tí ọmọ sì jẹ́ ti 1841, ó di dandan kẹ́ ẹ bi ara yín léèrè ìyá rẹ̀.

Aláwọ̀ dúdú ni ọmọ tí mò ń wá. Kò sí orúkọ rẹ̀ ṣáájú 1870.

Ibi tó máa ń dùn mí jù nìyí. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ka àwọn tó wà lóko ẹrú: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀, lábẹ́ orúkọ olówó wọn. Wọn kì í kọ orúkọ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn dúdú wà lára àwọn tó rìnrìn àjò yẹn. Green Flake wà nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ àfonífojì Salt Lake ní 1847. Ẹrú ni, orúkọ olówó rẹ̀ ló sì ń jẹ́. Jane Manning James dé lọ́dún kan náà pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ, òmìnira lòun ní tirẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe rò pé dídúdú ọmọ nínú ilé atẹ̀lúdó já sí ohun kan ṣoṣo.

Ìwé kóòtù tún ni mo máa dá yín pa dà sí. Robin àti Polly Holmes jẹ́ ẹrú tí Nathaniel Ford kó láti Missouri wá sí Oregon ní 1844. Ní 1850 Ford dá tọkọtaya náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di àwọn ọmọ wọn mú, bẹ́ẹ̀ òfin Oregon kò fàyè gba oko ẹrú. Robin, tí kò mọ̀wé, pè é lẹ́jọ́ ní 1852. Ní oṣù keje 1853, adájọ́ George Williams dá àwọn ọmọ náà pa dà fún òbí wọn. Ẹ fojú inú wò ó: ìkànìyàn lè bá ọmọ Holmes nínú ilé Ford, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ wà nínú fáìlì ẹjọ́ yẹn gbangba.

Bí ọmọ yín bá dàgbà sí ìhà gúúsù lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ẹ wo ìwé báńkì Freedman's, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, 1865 sí 1874. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì níbẹ̀, wọ́n lè bi í ní orúkọ bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, àwọn tí wọ́n tà lọ pàápàá.

Bó bá jẹ́ ọmọ àwọn onílẹ̀, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Íńdíánì ńkọ́?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn àánú tí ìdílé ń sọ. Ní Utah, òfin 1852 fàyè gbà á kí atẹ̀lúdó fi ìwé àdéhùn di ọmọ onílẹ̀ mú fún ogún ọdún. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n kọ ẹ̀yà ọmọ náà sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ òbí rẹ̀ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì kọ ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá nínú kóòtù káńtì. Fún àwọn tó wà lábẹ́ àbójútó ìjọba, ìkànìyàn àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ láti 1885 dé 1940 wà. Ẹ tún kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí ọmọ wọn lẹ̀ ń béèrè.

Nígbà míì kò ní sí ìwé. David Malin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn tó yè bọ́ ní Waiilatpu lọ, Fort Walla Walla ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀.

Ṣé àyẹ̀wò DNA kò ní yanjú rẹ̀ kíá?

Á ràn yín lọ́wọ́, kò ní dá a ṣe. Ẹni tó dàgbà jù láàyè nínú ìdílé ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, torí pé ìran kọ̀ọ̀kan ń já nǹkan bí ìdajì dànù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò máa ń bára wọn pín nǹkan bíi 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti di ìran kẹfà, ó ṣeé ṣe kí èèyàn má ní ohunkóhun lára baba ńlá kan mọ́. Bó bá jẹ́ ọkùnrin dé ọkùnrin lẹ̀ ń tọ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò ti Y, èyí tí bàbá ń fi lé ọmọkùnrin lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ìyá dé ìyá, ẹ ṣe ti mítókọ́ńdíríà, èyí tí ìyá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ tó rán itọ́ lọ, ẹ sọ fún ìdílé pé àṣírí lè tú.

Igi ìdílé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti fún un ní bàbá àti ìyá. Ṣé kí n dà á kọ?

Ẹ wo ìwé tó so mọ́ ọn. Bí kò bá sí ìwé, ẹ má dà á kọ, ì báà jẹ́ pé 200 èèyàn ti dà á kọ ṣáájú yín. Ẹnì kan ló sábà máa ń ṣì í, tí àwọn yòókù á gbé e kiri.

Mo ti rí ìyá tó bí i. Ṣé kí n wá yọ orúkọ àwọn tó tọ́ ọ kúrò?

Ẹ má yọ ọ́. FamilySearch fàyè gba kí ọmọ kan ní òbí ìlọ́po méjì, ẹ sì lè yàn fún ìkọ̀ọ̀kan: àwọn tó bí i, tàbí alágbàtọ́. Ẹ so ìwé ìkànìyàn mọ́ àwọn tó tọ́ ọ, kẹ́ ẹ so ìwé kóòtù mọ́ ìyá rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ bá yí, ẹ kọ ti àtijọ́ àti ti tuntun pẹ̀lú ọdún tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní ilé kẹta lè ní ìran tó máa rí i.